Alhaja Ta-Nìyẹn àti Tíṣà Ọ̀fẹ́

Gbogbo ará Ìkòsí ló mọ ìtàn ọ̀dà. Ẹni tí kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà pàápàá ń sọ ọ́ bí ẹni pé òun ló di agolo mú. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an nìyí. Ẹ má gba ti ẹlòmíràn gbọ́.

Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan ni Alhaja Rùkáyátù Salaudeen wọ ọgbà ilé ìwé tí Ìlérí, ọmọ ọmọ wọn, ń lọ. Agolo ọ̀dà aláwọ̀ ìyeyè wà lọ́wọ́ ọ̀tún wọn, búrọ́ọ̀ṣì wà lọ́wọ́ òsì. Ìlérí wà ní ìwé kẹrin alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà náà. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n ń ṣe àpèkọ níbẹ̀: tíṣà á pe ọ̀rọ̀ òyìnbó, àwọn ọmọ á kọ ọ́ sílẹ̀. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì náà ni Ìlérí sì ń gbé òdo wálé. Ọmọ yìí kì í ṣe òmùgọ̀ o. Bó bá wo fíìmù kan lẹ́ẹ̀kan péré, á sọ ọ́ fún ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, títí kan ohun tí ajá inú rẹ̀ jẹ. Nítorí náà, ó dá Alhaja lójú pé ẹnìkan ló ń pààrọ̀ ìwé ọmọ àwọn.

Ọ̀gá Ṣọládé, olórí ilé ìwé náà, ló pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì.

"Alhaja, ẹ káàárọ̀ mà. Kí lẹ fẹ́ fi ọ̀dà ṣe?"

"Mo fẹ́ fi sàmì sí ìwé ọmọ mi ni. Bí wọ́n bá pààrọ̀ rẹ̀, a ó mọ̀."

"Ta ló fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀, mà?"

Alhaja wò ó láti orí dé bàtà. "Kí ló dé tó jẹ́ ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ béèrè yẹn?"

Kí Ọ̀gá Ṣọládé tó rí ọ̀rọ̀ sọ, Alhaja ti kun etí ìwé. Wọ́n kun ìdí pẹ́ńsùlù. Wọ́n kun ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì tí ọmọ jókòó lé. Nígbà tí Ìlérí sì yí orí láti wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì kàn án létí, wọ́n ní kí ó má nù ún, pé àmì ò pọ̀ jù. Wọ́n wá gbé àga sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n tẹjú mọ́ tíṣà títí àpèkọ fi parí. Nígbà tí wọ́n dá ìwé padà, ọ̀dà wà lára rẹ̀ bí wọ́n ṣe fi í sí. Òdo náà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó rí roboto.

Alhaja yẹ ìwé náà wò níwájú, wọ́n yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Wọ́n gbé agolo sókè, wọ́n gbóòórùn rẹ̀.

"Wọ́n ti bomi lu ọ̀dà yìí," ni wọ́n sọ. Ibẹ̀ ni wọ́n gbà lọ bá ọlọ́dà ní Kétu.

Ẹ má dá wọn lẹ́bi. Ìdí irin ni Alhaja ti lo ìgbà ayé wọn, ní ọjà Owódé Onírin. Irin ìkọ́lé ni wọ́n ń tà, irin kò sì lórúkọ. Bó bá yí díẹ̀ kúrò níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ, ó ti di ti aládùúgbò. Nítorí náà, gbogbo ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe ní ọjà yẹn ní àwọ̀ ọ̀dà tirẹ̀ tó ń fi pa irin lẹ́nu. Ti Alhaja ni àwọ̀ ìyeyè. Ọjà yẹn ló kọ́ wọn pé ohun tí èèyàn ò bá sàmì sí kì í ṣe tirẹ̀, àti pé ẹni tó bá kí ọ lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ ọjọ́ kan ń wá nǹkan. "Ìfura loògùn àgbà," ni wọ́n máa ń wí. Wọ́n ń lo oògùn náà láàárọ̀, wọ́n ń lò ó lọ́sàn-án, wọn kì í sì í jẹ́ kó tán nílé.

Ẹnu géètì ni wọ́n ti gba orúkọ tí gbogbo wa fi ń pè wọ́n lẹ́yìn. Kò sí ẹni tó kan géètì yẹn tí wọn kì í bi pé "Ta nìyẹn?" Ẹ bi Junaid, ọkùnrin tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe, tó rẹ́ǹtì yàrá ẹ̀yìn lọ́dọ̀ wọn.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, Alhaja. Junaid."

"Junaid wo?"

"Junaid tó ń gbé lọ́dọ̀ yín. Yàrá ẹ̀yìn."

"Junaid yẹn wà nínú ilé."

"Mo jáde lọ ra búrẹ́dì ni, Alhaja."

"Ta ló rí ẹ nígbà tó o jáde?"

Junaid á dúró síbẹ̀ títí búrẹ́dì gbígbóná á fi tutù. Àmọ́ kò kó kúrò nílé náà. Ó ní láti ìgbà tí òun ti dé ibẹ̀, olè ò jí àwọn irinṣẹ́ òun rí, nítorí olè náà ní láti kọ́kọ́ sọ ẹni tó jẹ́.

Ní Mile 12, àwọn alátòmátì mọ̀ wọ́n. Àwọn kan ń fi aṣọ bo apẹ̀rẹ̀ bí wọ́n bá ti rí wọn lókèèrè. Ìdí ni pé Alhaja kì í ra tòmátì lójú apẹ̀rẹ̀. Ojú apẹ̀rẹ̀, wọ́n ní, bí ojú ọkọ ìyàwó ló rí, ó ti fọ̀ ọ́ kó tó jáde. Ńṣe ni wọ́n máa ń da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n lè rí ìsàlẹ̀. Lọ́jọ́ kan, wọ́n da apẹ̀rẹ̀ kan, tòmátì náà sì dára láti òkè dé ìdí, kò sí ẹyọ kan tó bà jẹ́. Alhaja wò ó, wọ́n tún un wò. Ni wọ́n bá dìde, wọ́n gbọn ọwọ́.

"Ìyẹn gan-an ló burú jù," ni wọ́n wí. Wọn kò rà á.

Ẹ rí i pé ẹni tí tòmátì ń fu lára, àpèkọ ò lè ṣàì fu ú lára. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ọ̀dà, ojú ọmọ ló kàn tí wọ́n fura sí. Wọ́n mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú. Dókítà gbé pátákó kan kọ́ ara ògiri, lẹ́tà ńláńlá àti kéékèèké wà lára rẹ̀. Ó na ọ̀pá sí ọ̀kan.

"Ìlérí, kí nìyí?"

"Má dá a lóhùn," ni Alhaja wí.

"Mà?"

"Òun ló kọ́ ọ síbẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n. Kí ló dé tó tún ń bi ọmọ?"

Ó gba dókítà ní àkókò púpọ̀ kó tó ṣàlàyé ara rẹ̀. Nígbà tó sì ṣe tán, ó ní ojú ọmọ náà mọ́ kedere, pé ó dára ju ojú òun alára lọ. Alhaja wo awò tó wà lójú dókítà. Wọ́n fa ọmọ wọn lọ́wọ́, wọ́n jáde. Wọ́n ní ẹni tí ojú tirẹ̀ ò gbé pérépéré kò lè jẹ́rìí sí ti ọmọ àwọn.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kúrò ní ẹ̀rín lọ́jọ́ tí Ọ̀gá Ṣọládé ránṣẹ́ pè wọ́n. Ó ní bí Ìlérí kò bá gba ìdajì nínú àpèkọ ńlá tí wọ́n máa ń ṣe ní òpin sáà kẹta, wọn yóò dá a padà sí ìwé kẹta. Ìlérí ga. Bó bá lọ jókòó láàárín àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ wọ̀nyẹn, orí rẹ̀ nìkan ni yóò máa yọ. Nígbà tí ọmọ náà gbọ́, ó wọ abẹ́ tábìlì lọ, ó sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há.

"Màmá," ó ní, "ẹ jẹ́ kí n kúkú lọ máa ta irin."

Olúrántí, ìyá ọmọ náà, ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Abẹ́òkúta, òpin oṣù ló máa ń wá. Ọwọ́ Alhaja ni ọmọ wà. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ ju ojú wọn méjèèjì lọ. Lọ́jọ́ yẹn, wọn ò rí ẹni tí wọ́n máa fura sí, ìyẹn sì bà wọ́n nínú jẹ́ ju gbogbo rẹ̀ lọ. Wọ́n kàn wọ abẹ́ tábìlì lọ bá a, tàwọn ti orúnkún tó ń dùn wọ́n, wọ́n jókòó tì í.

Àárín ìyẹn ni Miss Keziah kan géètì.

Tíṣà tuntun ni, ọ̀dọ́bìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ láti apá Ìjẹ̀bú, kò tíì ju bíi sáà méjì lọ ní ilé ìwé náà. Ìwé kejì ló ń kọ́, ṣùgbọ́n ó ti ń ṣàkíyèsí Ìlérí.

"Ta nìyẹn?"

"Ẹ káàsán mà. Miss Keziah ni, láti ilé ìwé Ìlérí. Mo ní kí n máa wá ràn án lọ́wọ́ lórí spelling ni, lẹ́yìn tá a bá ti jáde."

"Èló?"

"Rárá mà. Free ni."

Géètì tó ti ṣí díẹ̀ tún pa dé. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ohùn Alhaja ti wá: "Ta ló rán ẹ?"

Ó padà lọ. Ó tún wá lọ́jọ́ kejì. Wọ́n tún lé e. Nígbà tó wá lẹ́ẹ̀kẹta, Ìlérí ló sáré ṣí géètì, ojú ọmọ náà kò sì ṣeé wò. Alhaja gbà, àmọ́ wọ́n lófin. Ilẹ̀kùn pálọ̀ yóò ṣí sílẹ̀. Àga Alhaja yóò wà ní àárín ẹnu ilẹ̀kùn. Báàgì tíṣà yóò wà lóde lọ́dọ̀ Junaid. Alhaja yóò sì máa ṣọ́ Junaid.

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ lórí gaàrí. Miss Keziah bu gaàrí sínú tíréè, ó tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ. Ó ní kí Ìlérí máa fi ìka kọ lẹ́tà sínú rẹ̀, kó máa pe ohùn lẹ́tà náà bó ṣe ń kọ ọ́, kó wá mi tíréè kó lè pa rẹ́.

"Kí ni gaàrí ń ṣe nínú ìwé?" ni Alhaja bi í.

"Àwọn ọmọ kan wà, mà, ojú wọn nìkan ò lè gbé lẹ́tà dúró. Ó yẹ kí ìka bá ojú gbé e."

Alhaja ronú sí i. Wọ́n lọ bu omi wá nínú ife.

"Mu ún."

"Mà?"

"Gaàrí yẹn. Kí ọmọ mi tó fọwọ́ kàn án, bu díẹ̀ sínú omi yìí, kó o mu ún lójú mi."

Miss Keziah mu ún. Kò jiyàn rárá. Alhaja rí i bó ṣe fi ṣíbí ha ìdí ife, tó tún da ìyókù omi rẹ̀ sẹ́nu. Lọ́jọ́ kejì, ṣúgà wà nínú ife náà. Wọ́n ní oríṣi májèlé kan wà tí kì í hàn àfi bó bá pàdé ṣúgà. Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, ẹ̀pà wà níbẹ̀. Lọ́sẹ̀ kejì, ẹja díndín ti dé, ó tóbi, orí àti ìrù rẹ̀ pé.

"Àyẹ̀wò gidi ni mò ń ṣe," ni Alhaja wí fún ẹni tó bá béèrè, àti ẹni tí kò béèrè.

Junaid na ọrùn wọlé láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Alhaja, ṣé ẹ ò ní yẹ èmi náà wò ni?"

"Mo ti yẹ ẹ́ wò. Ojúkòkòrò ló ń ṣe ìwọ."

Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ ń lọ. Díẹ̀díẹ̀, àwọn lẹ́tà Ìlérí bẹ̀rẹ̀ sí í tò sí ipò wọn. Àmọ́ ohun kan wà tí ara Alhaja kò gbà. Ọmọ àti tíṣà ti ń sọ ọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Bí Alhaja bá dìde láti lọ bu omi, wọ́n á gbọ́ fẹ̀ẹ̀fẹ̀ẹ̀. Bí wọ́n bá padà dé, kẹ́kẹ́ á pa mọ́ àwọn méjèèjì lẹ́nu. Pàǹsá ò fura, pàǹsá já. Àjà ò fura, àjà jìn. Alhaja kì í ṣe pàǹsá.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n kéde fún gbogbo ilé pé àwọn ń lọ kí àbúrò àwọn ní Ṣangíṣà. Wọ́n wọ ìborùn, wọ́n dágbére, wọ́n ti géètì gbàgà. Wọ́n wá pẹ́ kọ̀rọ̀ yíká ẹ̀yìn ilé, wọ́n fún ara wọn mọ́ àárín táǹkì omi àti ògiri, wọ́n gbé etí sí ojú fèrèsé. Ohùn Miss Keziah ni wọ́n kọ́kọ́ gbọ́.

"Má sọ fún Màmá o, Ìlérí. Bó bá fi lè jáde pẹ́nrẹ́n, tèmi ti tán nìyẹn."

Igbe tí Alhaja ké, ó dé ojú títì. "Gbọ́mọgbọ́mọ! Ẹ gbà mí o! Gbọ́mọgbọ́mọ!"

Ẹsẹ̀ gìrì. Mutolib káfíńtà gbé ayùn wá. Ìyàwó rẹ̀ gbé ọmọ odó. Junaid ò rí nǹkan gbé, ló bá gbé báàgì tíṣà. Gbogbo wa ya wọ pálọ̀, a sì bá gbọ́mọgbọ́mọ náà níbẹ̀, ó di tíréè gaàrí mọ́ àyà, ó ń sunkún. A ò mọ ẹni tí à bá lù. Alhaja fúnra wọn tún wà láàárín táǹkì àti ògiri, wọn ò lè jáde, Mutolib ló lọ fà wọ́n yọ. Bí wọ́n ṣe yọ tán, wọ́n na ìka sí géètì.

"Má tún fi ẹsẹ̀ rẹ tẹ ilé yìí mọ́!"

Miss Keziah gba báàgì rẹ̀ lọ́wọ́ Junaid, ó lọ. Kò sọ nǹkan kan láti gba ara rẹ̀ sílẹ̀. Ìyẹn tún wá mú kí ó fu Alhaja lára sí i.

Wọ́n gbé ọmọ kalẹ̀ láti wádìí ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

"Kí ló ní kó o má sọ fún mi?"

"Ó ní kí n má sọ ọ́ ni, Màmá."

"Mo máa dín adìyẹ fún ẹ. Itan."

Ìlérí dín ojú kù, ó wò wọ́n láti orí dé ẹsẹ̀. "Itan, Màmá? Lásán? Kí lẹ ń wá gan-an?"

Láti ọjọ́ tí Alhaja ti dáyé, kò sí ẹni tó tíì fi oògùn wọn wò wọ́n bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n halẹ̀, wọ́n rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, wọ́n tún halẹ̀. Ọmọ kò sọ.

Ṣùgbọ́n àwọn lẹ́tà tún tú ká. Nígbà tí ọjọ́ Ẹtì pé, òdo padà wálé. Ìlérí gbé ìwé náà lé orí itan ìyá ìyá rẹ̀, kò sunkún lọ́tẹ̀ yìí. "Màmá, mo ti fẹ́ mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀," ló sọ, ó sì wọlé lọ. Alhaja ò lè jẹun ọ̀sán yẹn. Àpèkọ ńlá ti kù sí dẹ̀dẹ̀.

Wọ́n gbé ìborùn, wọ́n lọ sí Kétu, wọ́n béèrè ọ̀nà títí wọ́n fi dé yàrá kan ṣoṣo tí Miss Keziah ń gbé. Wọ́n jókòó sórí ibùsùn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kí wọ́n jókòó.

"Mo wá gbọ́ ọ," ni wọ́n wí. "Kí lo fi pamọ́ fún mi?"

Ọmọbìnrin náà dúró, ó ń pa ọwọ́ pọ̀. "Alhaja, bí Ìlérí ṣe wà yẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni èmi náà wà. Wọ́n dá mi padà lẹ́ẹ̀mejì ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ń pè mí ní olódo. Títí dòní, kí n tó kọ ọ̀rọ̀ sójú pátákó, mo ní láti kọ ọ́ nílé lálọ, lábọ̀. Ìlérí rò pé òun nìkan ló ń ṣe, ìdí nìyẹn tí mo fi sọ fún un. Àmọ́ bí àwọn òbí bá gbọ́ pé tíṣà ọmọ àwọn kò mọ spelling, wọ́n á lé mi lọ. Iṣẹ́ yẹn nìkan ni mo ní."

Alhaja fi ọwọ́ gbá itan. "Mo mọ̀! Mo mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀! Wọ́n ń sọ pé mo ti ya wèrè!" Inú wọn dùn gan-an. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ wá wọ̀ wọ́n lára. Wọ́n wo ọmọbìnrin náà, bó ṣe dúró bí ọmọ ilé ìwé tó ń retí ẹgba. Ohùn wọn rọlẹ̀.

"Ta ló tún mọ̀?"

"Ìlérí nìkan, mà."

"Ìlérí mọ̀ ọ́n, mo fi itan adìyẹ lọ̀ ọ́, kò sì sọ?" Ẹ̀rín yọ lẹ́nu wọn. "Ọmọ mi ni lóòótọ́. Ó yá, wọ bàtà. Gaàrí ti ń dúró dè ẹ́."

Kò pẹ́ tí Ọ̀gá Ṣọládé fi kan géètì. Ariwo gbọ́mọgbọ́mọ ti dé etí rẹ̀.

"Alhaja, mo gbọ́ pé ẹ fẹ̀sùn kan Miss Keziah. Ṣé nǹkan kan wà tó yẹ kí n mọ̀ nípa rẹ̀?"

"Ta ló sọ fún yín?"

"Ará àdúgbò ni, mà."

"Ará àdúgbò wo?"

"Mi ò rántí orúkọ rẹ̀."

"Ẹ ò rántí? Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹni tẹ́ ẹ ò mọ̀, ẹ wá gbé e wá sílé mi? Kí lẹ ń wá gan-an, Ọ̀gá Ṣọládé?"

Ọkùnrin náà ti ń làágùn. "Mo kàn fẹ́ mọ ohun tó fa ìjà ni."

"Gaàrí mi ló ń mu jù. Ẹ jókòó, ẹ wá mu tiyín kẹ́ ẹ lè mọ bó ṣe dùn tó."

Ọ̀gá Ṣọládé ní àwọn òbí kan ń dúró de òun. Bó ṣe lọ nìyẹn, kò sì tún béèrè mọ́.

Nígbà tí ẹ̀kọ́ tún bẹ̀rẹ̀, Miss Keziah ní ohun kan ló kù. Ó ní Ìlérí ti mọ àwọn lẹ́tà, àmọ́ bó bá ti kọ ọ̀rọ̀ tán, kì í padà wò ó. Ó ti gbà pé bó ṣe kọ ọ́ ló ṣe rí.

Alhaja fò dìde lórí àga. "Àìfura ló ń ṣe é! O sì ń wò mí látọjọ́ yìí? Ìlérí, bọ́ síbí. Bí wọ́n bá kan géètì mi, kí ni mo máa ń wí?"

"Ta nìyẹn, Màmá."

"Àwọn lẹ́tà yẹn ńkọ́? Ta ló ní kó o máa ṣí géètì fún wọn láìbi wọ́n?"

Miss Keziah ló wá sọ ọ́ di ẹ̀kọ́. Ó gé páálí, ó ní kí Ìlérí fi bo ọ̀rọ̀ tó bá kọ, kó máa ṣí i ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, kó gbé ìka lé e, kó béèrè ẹni tó jẹ́ àti ohùn tó ń mú bọ̀. Èyí tí kò bá lè dáhùn, kó padà síta. Àwọn méjèèjì ń ṣe é ní gbogbo ọ̀sán, Alhaja ń wò wọ́n láti ẹnu ilẹ̀kùn, inú wọn ń dùn bí ẹni tó gba ọmọ sẹ́nu iṣẹ́.

Ọjọ́ àpèkọ ńlá pé. Ọ̀gá Ṣọládé fúnra rẹ̀ ló ń pe ọ̀rọ̀. Kíláàsì dákẹ́, àfi ohùn kékeré kan láti ẹ̀yìn: "Ta nìyẹn? Ta nìyẹn?" Ọ̀gá Ṣọládé dúró. Ẹ̀rù ti ń bà á díẹ̀.

"Ìlérí, ta lò ń bá sọ̀rọ̀?"

"Kò tíì sọ ẹni tó jẹ́, sà."

Ìlérí gba ìdajì, ó sì lé díẹ̀. Olúrántí pariwo ayọ̀ lórí fóònù láti Abẹ́òkúta. Junaid jó. Alhaja wo máàkì náà, wọ́n kó ìborùn wọn, wọ́n gba ilé ìwé lọ. Gbogbo òbí tó ń lọ jà níbẹ̀, torí pé ọmọ wọn fìdí rẹmi ni. Alhaja nìkan ló lọ jà pé ọmọ àwọn yege.

"Ó pọ̀ jù," wọ́n ní. "Ta ló ràn án lọ́wọ́ níbí? Ẹ tún un pè lójú mi."

Ọ̀gá Ṣọládé ti mọ ìwọ̀n ara rẹ̀. Ó tún gbogbo ọ̀rọ̀ náà pè. Ìlérí tún un kọ, ó ń fi ìka bi àwọn lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan, ìyá ìyá rẹ̀ dúró lé e lórí. Nígbà tí Ọ̀gá Ṣọládé máàkì í, ó tún dára ju ti àkọ́kọ́ lọ. Alhaja kọjú sí ògiri. A kọ́kọ́ rò pé ògiri ni wọ́n tún ń yẹ̀ wò. Ó pẹ́ kí wọ́n tó yíjú padà, ìborùn wọn sì ti tutù níbi tí wọ́n ti fi nu ojú.

Ọdún mélòó kan ti kọjá lórí ìyẹn. Ní ọdún tó kọjá, àárẹ̀ mú Alhaja. Dókítà ní kò ní pẹ́ tára wọn á fi yá. Wọ́n bi Ìlérí jẹ́jẹ́ pé, "Ta ló sọ fún un?" Ìfura wọn ò tàsé. Lẹ́yìn ìrun ọ̀sán ọjọ́ kan ni wọ́n sinmi.

Níbi fídáù wọn, a ń sọ ìtàn wọn, a ń rẹ́rìn-ín. A sọ ti ọ̀dà, a sọ ti tòmátì. Nígbà tí Mutolib ń ṣàpèjúwe bó ṣe fà wọ́n yọ lẹ́yìn táǹkì, Ọ̀gá Ṣọládé rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ni Miss Keziah bá dìde. Òun ni igbákejì olórí ilé ìwé báyìí.

"Ọ̀gá," ó ní, "ìdí tí wọ́n fi lé mi lọ́jọ́ yẹn kì í ṣe gaàrí." Ó wá sọ ọ́, níwájú gbogbo òbí, bó ṣe sọ ọ́ fún Alhaja nínú yàrá rẹ̀ ní Kétu. "Wọ́n mọ̀ ọ́n láti ọjọ́ yìí wá. Wọ́n bá ẹnikẹ́ni jà lórí ohunkóhun, àmọ́ ọ̀rọ̀ mi ò jáde lẹ́nu wọn."

Ọ̀gá Ṣọládé rọra kúrò lórí àga rẹ̀, ó ní kó wá jókòó.

Mutolib ti gbé ojú sílẹ̀. "Èmi náà ní ọ̀rọ̀ kan lọ́dọ̀ wọn," ló sọ. Ìyàwó rẹ̀ yíjú sí i. Ìyàwó náà wá ní, "Èmi náà." Kò sí ẹni tó bi wọ́n pé kí ni. À ń wo ara wa. Kò sí ilé kan ní àdúgbò yẹn tí ẹnìkan ò tíì jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga Alhaja lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tó sọ ohun tí kò lè sọ fún ìyá rẹ̀. Obìnrin tí kò gba ẹnikẹ́ni gbọ́, òun ni gbogbo wa gbà gbọ́. A fẹ́ràn wọn, a ò sì tètè sọ ọ́ fún wọn.

Junaid ló fọ́ sẹ́kún, àgbà ọkùnrin bẹ́ẹ̀, níwájú gbogbo èèyàn.

"Ta ni mo fẹ́ máa sọ tèmi fún báyìí?"

Ìlérí ti fẹ́ pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Ó sún kúrò lórí ẹní kí ó lè ní àyè, ó bu omi fún un, ó sì dúró títí tó fi mu ún tán.

"Ẹ sọ ọ́ fún mi, Bùọ̀dá Junaid," ló wí. "Mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni."